Bátìrì Tí Ẹ Ní Kí N Má Jẹ́ Kó Kú

Bàbá mi tí mo ṣì ń bínú sí,

Ẹ kú ọdún kan. Èmi ọmọ yín àgbà ni. Mi ò mọ̀wé kọ, ẹ̀yin náà ò mọ̀wé kà nígbà tí ẹ wà láyé, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́ nínú wa. Ìyáàfin olùkọ́ tó gba yàrá iwájú lọ́wọ́ yín nílé Ring Road ló ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ ló ti ń wò mí lójú. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Kó má bá mi bu ṣúgà sí i.

Ìròyìn bátìrì yín ni mo fẹ́ jẹ́ fún yín, nítorí òun lẹ fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ ò fi ilé lé mi lọ́wọ́, ẹ ò fi àwọn àbúrò mi lé mi lọ́wọ́, ẹ ò sì súre fún mi. Lọ́jọ́ tí ẹ máa kú, mo jókòó ti ẹsẹ̀ yín, Sìkírá ọmọ yín di ife omi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí yín. Ẹ lajú, ẹ pe orúkọ mi. Mo sún mọ́ yín kíákíá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ìgbà tí Àjọkẹ́ ìyàwó mi ti kú ló fẹ́ jáde wàyí. Ẹ ní, “Má jẹ́ kí bátìrì yẹn kú o.” Ẹ tún dijú. Ẹ ò sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ títí ẹ̀mí fi bọ́.

Bátìrì, Bàbá! Ọkùnrin tó bí mi, tí mo wa mọ́tò fún títí irun orí mi fi funfun, bátìrì ló fi dágbére fún mi.

Nígbà tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín tán, gbogbo wa jókòó sí pálọ̀. Bàbá Ṣakí, àbúrò yín, ló jókòó sórí àga yín. Mọ́tò wà níta lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ mọ àṣà ilé wa: a kì í lo ẹrù òkú, a kì í sì í pín in, àfi tí ọdún bá yí po. Ẹ sì mọ irú ilé tí ẹ fi sílẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta lẹ fẹ́, ìdí mẹ́ta ni àwa ọmọ, ìdí kọ̀ọ̀kan sì ń ṣọ́ èkejì bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́ tó dúró ti iṣu. Rájí, àbíkẹ́yìn yín, akọ̀wé ìjọba tó ń gbé Bódìjà, ló kọ́kọ́ lanu.

“Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má bínú o. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló mọ mọ́tò yìí wà nínú wa. Tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọdún tó pé, wọn á ti jẹ gbogbo táyà rẹ̀ tán.”

Mo ní, “Rájí, ìgbà wo lo rí mi tí mò ń jẹ táyà?”

“Ẹ ò ní fi ẹnu jẹ ẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ó kàn máa fi kó èrò lọ sí Dùgbẹ̀ ni.”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

Bí wọ́n ṣe pín mọ́tò kan ṣoṣo sí ilé mẹ́ta nìyẹn, kí ẹnì kan má bàa rí i gbé jáde. Rájí tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi takisí kó wọn lọ sí Bódìjà, mọ́tò wá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù bí adìẹ tó sàba. Sìkírá, tó jẹ́ ti ìyàwó yín kejì, mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí ilé ọkọ rẹ̀ ní Agbowó. Ó wá ku bátìrì. Rájí fẹ́ gba òun náà, àmọ́ Sìkírá sọ ohun tí ẹ sọ kí ẹ tó kú, wọ́n sì gbé e fún mi. Bàbá Ṣakí wá gbé òfin kalẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí ọdún yín bá pé, kí a kó gbogbo rẹ̀ jọ padà, kí a sì yí kọ́kọ́rọ́. Tí mọ́tò bá dún, kò sí títà, mọ́tò ilé ni yóò máa jẹ́. Tí kò bá dún, kí a pe àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí wọ́n fi òòlù tú u ká, kí olúkúlùkù gba tirẹ̀ kó máa lọ.

Ṣé ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti bátìrì? Bí bátìrì bá kú, mọ́tò kú nìyẹn. Wọn á gbé òòlù dé ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí Àjọkẹ́ máa ń jókòó sí, òun tó máa ń bọ́ bàtà sílẹ̀ kó tó wọlé bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí. Kò sí ibòmíràn tí mo tún ti lè rí i mọ́ láyé yìí. Àwọn aṣọ rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ ti kó wọn lọ. Ìjókòó yẹn ló kù.

Àwọn ará ilé ní ìwàkiwà ni Rájí hù tó tú táyà lọ. Mo ní rárá o. Ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ ọ. Ta ni kò mọ̀ nílé yìí pé tí ẹ bá ti ń lọ sóko kòkó, ẹ ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ó kọ́kọ́ tú wáyà tó kan ara irin mọ́tò, ẹ ó tú èkejì, ẹ ó gbé bátìrì wọ yàrá yín, ẹ ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó sì ti ilẹ̀kùn pa? Ọ̀nà oko ò dára fún mọ́tò kékeré, lọ́rì lẹ máa ń wọ̀. Ẹ ó pẹ́ lóko títí kòkó á fi gbẹ, mọ́tò á jókòó síta láìlẹ́mìí, kí èmi ọmọ yín má bàa gbé e. Èmi tí mò ń wà á! Tí ẹ bá wà nílé, èmi ni ẹ fi ẹ̀mí yín lé lọ́wọ́ ní gbogbo títì Ìbàdàn. Tí ẹ bá ti kọ ẹ̀yìn, mo di olè. Kí ni mo ṣe fún yín, Bàbá? Mo ti ro ó síwá, mo ti ro ó sẹ́yìn, mi ò rí i.

Ọjọ́ tí èémí Àjọkẹ́ kò délẹ̀ mọ́, òjò ń rọ̀. Ọ̀sán ni. Ẹ wà lóko. Mo sáré jáde sí títì, kò sí takisí kankan tó dúró. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ mi, ẹ ṣáà fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, àmọ́ kí ni kọ́kọ́rọ́ fẹ́ ṣe? Mo padà wọlé, mo fi èjìká fọ́ ilẹ̀kùn yàrá yín. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fọ́ ọ, màá sì tún fọ́ ọ lónìí. Mo fa bátìrì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé e kọjá nínú òjò, mo dè é, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó ní kẹ́. Mo tún yí i. Ó ní kẹ́. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ti kú síbi tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ ò fún ẹnikẹ́ni láyè láti gba iná sí i, ẹ ò fún ẹnikẹ́ni láyè láti rọ omi sí i, ẹ kàn tì í mọ́lé títí ó fi kú, ẹ sì ń rò pé ẹ ní bátìrì.

Ọmọlanke la fi gbé ìyàwó mi lọ sí ọsibítù ní Jẹ́ríkò. Èmi ni mo wà níwájú tí mò ń fà, àwọn ayálégbé ń tì í lẹ́yìn, a fi tapólì bò ó lórí. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n rọra fà, pé àyà mi náà ò kúkú le. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀ níbẹ̀. Ó kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mi ò sọ pé ẹ̀yin lẹ pa á. Dókítà fúnra rẹ̀ ní òun ò lè búra pé ká ní ó tètè dé, á yè. Ìyẹn kọ́ ló ń bí mi nínú jù. Nígbà tí ẹ ti oko dé, a ti sin ín. Ẹ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ wo iwájú yàrá yín, ẹ ní, “Ta ló fọ́ ilẹ̀kùn mi?” Ilẹ̀kùn lẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ bèèrè ilẹ̀kùn ṣáájú obìnrin tó ń po ẹ̀kọ yín ní gbogbo òwúrọ̀, tó mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kó ní kókó, tó máa ń sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n sọ fún yín pé ó ti kú, ẹ ní kádàrá ni. Ẹ ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ẹ ní kí n gbé bátìrì lọ gba iná sí i. Mo sì gbé e lọ. Kò gba iná mọ́, ẹ sì ra tuntun. Láti ọjọ́ yẹn títí tí ẹ fi kú, mi ò rántí pé ẹ tún dárúkọ rẹ̀ létí mi.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n gbé bátìrì fún mi, mo kọ́kọ́ fẹ́ jẹ́ kó kú. Mo gbé e sí igun yàrá mi, mo kẹ̀yìn sí i. Mo ní kó kú, kó dà bí èyí tí mo bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibi tí mò ń tẹ́ ẹní ìrun sí ló wà. Tí mo bá ti forí balẹ̀ tí mo gbé e sókè, òun ni mò ń rí. Nígbà tó yá, mo rí i tí orí rẹ̀ ń yọ nǹkan funfun bíi ti búrẹ́dì tó bu. Mo ṣépè fún un. Mo lọ gbé omi gbígbóná, mo fi akísà fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ má rò pé nítorí yín ni o. Ìjókòó ẹ̀yìn ni mo rò.

Láti ìgbà náà, mo tọ́jú rẹ̀ ju bí ẹ ṣe tọ́jú rẹ̀ rí lọ. Mo gbé e sórí pákó, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ilẹ̀ sìmẹ́ńtì máa ń fa agbára rẹ̀ mu. Mo fi gíríìsì pa ibi méjèèjì tí a ń de wáyà mọ́ lórí rẹ̀. Mò ń ṣí àwọn ìdérí rẹ̀ wò, mo sì ń rọ omi bátìrì sí i, èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò, kì í ṣe omi kànga, títí á fi bo àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àtùpà sún mọ́ ọn. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí ètè gbogbo wa ń là, omi inú rẹ̀ ń fà bí ẹni pé ẹnì kan ń mu ún lẹ́yìn mi. Mò ń rọ omiíràn sí i. Mò ń sọ̀rọ̀ sí yín lórí rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ lójú yín nígbà tí ẹ wà láyé, mo sì ń rọ omi.

Ṣùgbọ́n omi nìkan kò tó. Bátìrì tó bá jókòó láìṣiṣẹ́, agbára rẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀, tó bá sì pẹ́ nínú òfìfo, kò ní gba iná mọ́ láéláé. Oṣooṣù ló yẹ kí a máa gbé e lọ. Ìgbà àkọ́kọ́, mo dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, mo gbé e lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́dọ̀ rẹwáyà tó máa ń tún iná mọ́tò yín ṣe. Mi ò tíì padà délé tí ìròyìn ti dé Bódìjà pé mo ti ta bátìrì Bàbá. Ní ìrọ̀lẹ́, Rájí dé, ó mú Sìkírá lẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n, bátìrì dà?”

“Ó wà ní Dùgbẹ̀. Ó ń jẹun.”

“Ta ló ní kó jẹun? Ẹ̀gbọ́n, ogún là ń pe èyí o. Ẹ ti ń lo ogún ká tó pín in.”

“Mò ń lò ó? Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni mo gbé e sí, Rájí. Ṣé o ti rí kẹ̀kẹ́ tó ń fi bátìrì rìn?”

Sìkírá fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Rájí ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní kí n má gbé e jáde mọ́. Mo ní tí mi ò bá gbé e jáde, á kú, lọ́jọ́ ọdún, wọn á ní èmi ni mo pa á. Ó ní tí mo bá sì ń gbé e jáde, báwo ni òun ṣe máa mọ̀ pé bátìrì Bàbá gan-an ni mo gbé padà, ṣebí dúdú ni gbogbo bátìrì. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé àwọn ayálégbé jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sìkírá ló pẹ̀tù sí i.

“Ó dáa, kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa gbé e lọ. Kí a jọ jókòó tì í. Tó bá jẹun yó, kí a jọ gbé e wálé. Ṣé ìyẹn náà tún burú?”

Ohun tí àwọn ọmọ yín wá ń ṣe nìyẹn, Bàbá. Lóṣooṣù, àwa àgbàlagbà mẹ́ta á wọ takisí kan ṣoṣo. Sìkírá á jókòó níwájú, bátìrì á wà láàárín èmi àti Rájí lórí pákó rẹ̀, èmi á di ẹ̀gbẹ́ kan mú, Rájí á di ẹ̀gbẹ́ kejì mú, kì í ṣe nítorí kó má bàa ṣubú, nítorí kí ẹnì kejì má bàa gbé e sá ni. Tí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹwáyà, a ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ páànù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí bátìrì kì í fi ìkánjú jẹun. Àwọn ará Dùgbẹ̀ ti mọ̀ wá. Rẹwáyà náà, ẹnu rẹ̀ ò tọ́ rárá.

“Ẹ kú ìtọ́jú o, ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí bátìrì. Ṣé ẹ gbé ẹ̀kọ wá fún un?”

Rájí á ní, “Máa ṣe iṣẹ́ rẹ.”

“Mò ń ṣe é, ọ̀gá. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, tí mo bá ní kó sùn síbí lónìí, ta ni nínú yín ló máa bá a sùn?”

Òun náà ló sọ fún mi pé sìmẹ́ńtì kì í fa agbára kankan mu, pé ìbáà ṣe orí pákó, ìbáà ṣe orí tìmùtìmù, bátìrì tí kò ṣiṣẹ́ á rẹ̀ ni. Mo ní bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó ní bàbá òun náà sọ bẹ́ẹ̀ fún òun. Ẹ wò ó, Bàbá, mo ti ń gbé pákó yẹn káàkiri bí ọmọ ọ̀dọ̀! Kí ló tún kù nínú ohun tí ẹ kọ́ mi tí kì í ṣe òótọ́?

A máa ń jẹ búrẹ́dì àti àkàrà lórí bẹ́ǹṣì náà. Sìkírá á bó ọsàn fún wa. Níbẹ̀ la ti ń sọ̀rọ̀ yín, torí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó pa wá pọ̀. Ó rán wa létí bí ẹ ṣe máa ń bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì yín, tí ẹ ó fi nu orí bátìrì, tí ẹ ó mí sí i bí ẹni ń nu gíláàsì ojú, tí ẹ ó tún fi igun kan tó mọ́ nu ún lẹ́ẹ̀kejì. Rájí gbé ọsàn kúrò lẹ́nu. Ó ní, “Kò nu imú mi rí.”

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín. A rín títí omi fi bọ́ lójú Sìkírá. Nígbà tí ẹ̀rín tán, inú bí mi pé mo rẹ́rìn-ín. A ti dàgbà tán kí a tó jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Nígbà tí ẹ wà láyé, ìdí kọ̀ọ̀kan ló ń jẹun nínú yàrá tirẹ̀, tí a bá pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó máa wo ọwọ́ ara wa bóyá ẹnì kan ti gba nǹkan lọ́wọ́ yín. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ẹ ni? Ṣé ó dùn mọ́ yín?

Ìgbà tí ọyẹ́ ń parí lọ ni Sìkírá wá da ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bátìrì ń hó wùṣìwùṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí ó ti máa ń ṣe tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ yó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rò pé ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ni Bàbá ń sọ lọ́jọ́ yẹn?”

“Ọjọ́ wo?”

“Ọjọ́ tí wọ́n kú. Bátìrì ti kú mọ́ ìyàwó yín lójú lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní kó má tún kú mọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ yín. Bàbá kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ni.”

Mo dìde. “Pa ẹnu rẹ dé! Ta ló fi ọ́ ṣe lọ́yà rẹ̀?”

Gbogbo àwọn tó wà ní sàkáání wa yíjú. Rẹwáyà fúnra rẹ̀ kò dápàárá. Rájí, tí mo rò pé á gbè sẹ́yìn yín, wo ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ṣẹ̀ yín. Gbogbo wa la mọ̀. Kò sí ẹni tó láyà láti sọ ọ́ lójú wọn ni.”

Mo lọ dúró sétí títì, mò ń wo mọ́tò tó ń kọjá. Ohun tí mo ti ń retí kí ẹnì kan sọ láti ọjọ́ yìí wá ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹnu yín ló yẹ kó ti jáde, kì í ṣe ẹnu wọn. Ọ̀rọ̀ Sìkírá kò kúrò lórí mi láti ìgbà náà. Tó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ ń bẹ̀ lóòótọ́, kí ló dé tí ẹ ò pe orúkọ rẹ̀? Àjọkẹ́ ni. Kò gùn ju bátìrì lọ. Èémí tí ẹ fi sọ ọ̀kan tó láti fi sọ èkejì. Àbí bátìrì náà lẹ ní lọ́kàn ní tòótọ́, tí àwa ọmọ yín ń wá ẹ̀bẹ̀ níbi tí kò sí? Èwo ni, Bàbá? Mo lè gba èyíkéyìí. Àìmọ̀ yìí ni mi ò lè gbà.

Ọdún yín pé lánàá. Lẹ́yìn tí àwọn ààfáà ṣàdúrà tán, gbogbo ilé jáde sí abẹ́ igi máńgòrò. Rájí kó táyà dé, ó sì bọ́ kóòtù rẹ̀ láti bá mi dè wọ́n. Sìkírá mú kọ́kọ́rọ́ dé. Mo gbé bátìrì jáde, mo gbé e sí àyè rẹ̀, mo de wáyà kan. Mo mú èkejì lọ́wọ́, mi ò dè é. Mo ti tọ́jú rẹ̀ o, àmọ́ bátìrì kì í ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Mo yíjú sí wọn.

“Kí n tó de èyí, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Tí mọ́tò yìí bá dún, bátìrì kò gbọdọ̀ kúrò nínú rẹ̀ mọ́. Kọ́kọ́rọ́ á wà lórí ìṣó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ kò bá yá nílé yìí, ìbáà ṣe ayálégbé, ẹni tó bá mọ mọ́tò wà kó gbé e lọ sí ọsibítù. Kò gbọdọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ èmi tàbí ẹlòmíràn.”

Bàbá Ṣakí mi orí. “Bàbá yín kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀ pé wọn ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn.”

Rájí ní, “Ẹ̀gbọ́n, orí ìṣó? Olè ń bẹ nígboro o.”

“Kí olè máa wà á. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kó jókòó lọ.”

Sìkírá tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní etí ìró rẹ̀, ó nà án sí mi. Ó ní, “Èmi fara mọ́ ọn. Ẹ de wáyà yín.” Rájí wo táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dè tán, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó dọ̀tí, ó ní òun náà fara mọ́ ọn. Bàbá Ṣakí ní bí àwa tí a jọ ni ín bá ti wí bẹ́ẹ̀, ó tán.

Mo dè é. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó wúkọ́, ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pe Ọlọ́run lẹ́yìn mi. Mo tún yí i, ó sì gbà, èéfín bo gbogbo abẹ́ igi. Ariwo sọ. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pariwo? “Bàbá ṣe é! Bàbá kò sùn!” Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín! Wọ́n ń ki yín, wọ́n ń ki àwọn baba yín. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórí ìdarí mọ́tò, mo ní ẹni tó pa bátìrì àkọ́kọ́ ló tún gba ìyìn èkejì.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ mi parí síbẹ̀, kí n fi ọwọ́ tẹ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí ló mú mi pe ìyáàfin yìí kó wá bá mi kọ ọ́.

Mo kírun tán, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó. Mo sáré lọ sí abẹ́ igi, kò sí mọ́tò. Bàbá, mo kígbe. Mo ní, “Olè! Ta ló gbé mọ́tò mi?” Mo sáré jáde sí títì láìwọ bàtà, mò ń bú gbogbo ayálégbé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní mi ò mọ̀ pé olè ni mo kó sínú ilé. Mo ní láti òní lọ, màá máa tú bátìrì yẹn. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu èmi náà ni.

Ìyáàfin yìí ló di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Bàbá, ìyàwó Músá ni inú ń run. Músá ló gbé e lọ.”

Músá ni ayálégbé tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, awakọ̀ lọ́rì. Ó ti gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Jẹ́ríkò kí n tó jí, gẹ́gẹ́ bí èmi fúnra mi ṣe ní kí wọ́n máa ṣe. Nígbà tó gbé mọ́tò padà dé, wọ́n ti sọ ohun tí mo wí fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, ó ní kí n má bínú pé òun ò tọrọ àyè. Ó ní wọ́n ti dá ìyàwó òun dúró, pé wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́, pé ìrora náà ti ń lọ. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Mo ní kó dìde. Mo ní kó lọ fi í kọ́ síbi tó ti mú un. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀. Kì í ṣe pé mo pè é lólè nìkan. Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, mo mọ̀ ọ́n. Ohùn yín ni. Ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ bèèrè.

Ẹ gbé e kúrò lẹ́nu mi, Bàbá. Ẹ ti fi ẹsẹ̀ gbọọrọ yín fún mi, ẹ fi irun etí yín fún mi, ìyẹn tó. Mo ti bá yín tọ́jú ohun tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́, ó wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́, kò sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni. Mi ò tíì dárí jì yín. Bóyá màá dárí jì yín, bóyá mi ò ní lè ṣe é kí n tó kú, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ yín ni Àjọkẹ́ wà báyìí, ẹ sún mọ́ ọn jù mí lọ. Tí ẹ bá rí i, ẹ lọ bá a fúnra yín. Ẹ má rán mi sí i, ẹ má fi nǹkan mìíràn bo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín àgbà, tó fẹ́ràn yín tó bẹ́ẹ̀ tí ìbínú náà kò fi tíì tán.